Ní Etí Kùsà

Bọ́ọ̀sì náà ń kérora bó ti ń gun òkè. Awakọ̀ ti yí jíà títí ó fi kan ti ìkíní, síbẹ̀ ńṣe ni ọkọ̀ ń rọra fà bí arúgbó tó ru igi. Ìmísí gbé iwájú orí rẹ̀ lé gíláàsì fèrèsé. Àpáta lórí àpáta ló ń wò, òmíràn jókòó sórí èkejì rẹ̀ bíi pé ọmọdé kan ló tò wọ́n síbẹ̀ tó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkùukùu ti bo orí àwọn òkè náà. Atẹ́gùn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tutù bí omi inú àmù.

"Sún mọ́ mi," ni Ràbíátù wí. Ó na ìdajì ìró rẹ̀, ó fi bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ léjìká. "Eyín rẹ ti ń lu ara wọn."

"Èmi kọ́, Jọ́ọ̀sì ni," Ìmísí dáhùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni, àwọn ilé ìwé sì wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí, tíṣà tó ń kọ́ wọn ní jọ́gíráfì ní ilé ìwé girama kan ní apá Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀, ló kó wọn wá. Bí wọ́n bá wọlé padà, kíláàsì àṣekágbá ni wọ́n ń wọ̀, ìdánwò WAEC sì ti ń sún mọ́ wọn. Tíṣà ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wa ohun àlùmọ́ọ́nì nílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi inú ìwé nìkan mọ̀ ọ́n. Ó ní kí àwọn lọ fi ojú rí ìlú orí òkè tí tánganran sọ di ìlú ńlá. Tánganran yìí ni irin funfun tí wọ́n fi ń bo agolo nínú kó má baà dípẹtà. Nítorí rẹ̀ ni àwọn òyìnbó fi gun òkè Jọ́ọ̀sì nígbà láéláé, tí wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ síbẹ̀ láti máa wa kùsà.

Láti ọjọ́ tí Ìmísí àti Ràbíátù ti wọ ilé ìwé girama ni wọ́n ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan. Ọmọ Ifẹ̀ ni Ìmísí, ilé wọn wà ní Ìlódè. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ ni Ràbíátù. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ opó, máa ń ta òwú àti bọ́tìnnì fún àwọn télọ̀, Ràbíátù sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Àjèjì tó bá wọ ibẹ̀ lè rìn láti Ifẹ̀ bọ́ sí Mọdákẹ́kẹ́ kó má mọ̀ pé òun ti kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn, nítorí ògiri wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Àwọn àgbà nìkan ló mọ ààlà náà dáadáa. Ìjà ti wáyé láàrin ìlú méjèèjì nígbà àtijọ́, èyí tó ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn sì bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ọmọ ọwọ́. Bí ẹni gbọ́ ìtàn ni wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Lóòótọ́, kí wọ́n tó kúrò nílé, kùn-ún-kùn-ún ti ń lọ lábẹ́lẹ̀ nípa ibi tí olú ilé ìjọba ìbílẹ̀ tuntun yóò wà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò tìtorí kùn-ún-kùn-ún pa ìrìnàjò sí Jọ́ọ̀sì tì? Nínú gbogbo ọmọ tó wà nínú bọ́ọ̀sì náà, Ràbíátù nìkan ló jẹ́ ọmọ Mọdákẹ́kẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ ronú kan èyí.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ni wọ́n dé sí ní Jọ́ọ̀sì. Wọ́n ti kó àga kúrò nínú kíláàsì méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, wọ́n sì tẹ́ ẹní sílẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Comfort, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ìwé náà, ló ń se oúnjẹ fún wọn. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló bá ọkọ̀ ojú irin wá láti máa ta aṣọ fún àwọn awakùsà.

"Ẹ jẹun yó o, ẹ̀yin ọmọ mi," ó máa ń wí bó bá ń bu pòtétò díndín sí wọn láwo. "Òtútù ibí yìí kì í bá ẹni tí ebi ń pa ṣeré."

Lọ́jọ́ kejì, tíṣà kó wọn lọ wo ibi tí wọ́n ti wa kùsà rí. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Ilẹ̀ tó yẹ kó tẹ́jú ti di òkìtì àti ọ̀gbun. Nínú àwọn ọ̀gbun náà, omi ti dúró láti ọdún gbọọrọ, ó mọ́, ó sì ní àwọ̀ bíi ti ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Lókèèrè, àwọn ọkùnrin kan ṣì wà nínú omi tó dé orúnkún, tí wọ́n ń fi igbá gbọn yanrìn kí wọ́n lè rí ìwọ̀nba tánganran tó ṣẹ́kù.

"Ó rẹwà, sà," ni Mojíre wí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà.

"Ó rẹwà, ṣùgbọ́n kì í ṣe odò," ni Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí dáhùn. "Odò ní etí tí èèyàn lè rọra wọ̀. Èyí kò ní. Bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ lọ gbọnrangandan náà ló wà títí di ìsàlẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti rà. Màlúù máa ń ṣubú sí i, èèyàn náà sì ti kú síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ràbíátù ya àwòrán ọ̀gbun kan sínú ìwé rẹ̀, Ìmísí sì dà á kọ, bó ṣe máa ń ṣe. Ìgbádùn ni ọjọ́ náà jẹ́ títí wọ́n fi padà délé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ti jókòó sí iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń jẹun, ni Màmá Comfort dédé na ọwọ́, tó yí rédíò rẹ̀ sókè. "Ẹ dákẹ́ ná," ó wí.

Ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà kò yára, kò sì falẹ̀. Ó ní ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, láàrin àwọn ará Ifẹ̀ àti àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́. Ó ní ẹ̀mí ti bọ́, ọ̀pọ̀ ilé ti jóná, àwọn èèyàn sì ń sá kúrò nílùú. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sórí ìròyìn bọ́ọ̀lù.

 Ọmọ kan ṣì ní pòtétò lẹ́nu tí kò jẹ, tí kò sì tu ú dànù. Ìmísí ronú kan ìyá àti bàbá rẹ̀ ní Ìlódè, ó ronú kan Ọláyínká, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó máa ń lọ sóko wọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà. Ó bojú wo Ràbíátù. Ràbíátù ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí dìde. "Ẹ fara balẹ̀. Mo ń lọ síbi tẹlifóònù."

Ó lọ, ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, gbogbo wọn mọ̀ láti ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ pé kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Nínú gbogbo ilé àwọn ọmọ náà, kò sí èyí tó ní tẹlifóònù. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọ́fíìsì ní yunifásítì ló fẹ́ pè, ṣùgbọ́n ìlà náà kò tilẹ̀ dún. Ní ọjọ́ kejì, ó tún lọ. Kò dún. Àwọn awakọ̀ ní gáréèjì sọ fún un pé ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn kì í gba inú Ifẹ̀ kọjá mọ́, àti pé wọ́n ti ṣe òfin kónílé-ó-gbélé níbẹ̀.

"A ó dúró síbí títí ọ̀nà yóò fi là," ó sọ fún wọn. "Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò lè kó ọmọ olọ́mọ wọnú iná."

"Àwọn òbí wa ńkọ́, sà?" ni ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Adésọjí bi í.

"N ó tún lọ síbi tẹlifóònù lọ́la," ni tíṣà wí. 

Adésọjí ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ náà. Ó ga, ó lẹ́nu, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìròyìn náà, nígbà tí wọ́n ń tò láti gba ògì àti àkàrà, ó wo ẹ̀yìn, ó rí Ràbíátù.

"Ṣé abọ́ kan náà la ó tún máa fi jẹun pẹ̀lú wọn ni?" ó béèrè. Kò pariwo. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni ń béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo ayé ti mọ̀.

Àwọn kan wo ilẹ̀. Ẹni tó wà níwájú Ràbíátù sún síwájú díẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sì sún sẹ́yìn. Ràbíátù dúró ní òun nìkan láàrin ìlà. Màmá Comfort bá Adésọjí wí. Ó ní, "Bí a bá ń jà, bí ká kú kọ́. Ṣé ọmọ yìí ló dáná sun ilé yín?" Tíṣà náà bá wọn wí títí ohùn rẹ̀ fi gbẹ. Ṣùgbọ́n ìbáwí kò lè mú ẹni kankan súnmọ́ ẹnì kejì rẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, wọ́n ti gbé ẹní wọn jìnnà sí ti Ràbíátù nínú yàrá àwọn obìnrin.

Ìmísí nìkan ni ẹní rẹ̀ ṣì wà níbi tó wà. Kò gbé e. Àmọ́ kò tún bá Ràbíátù sọ̀rọ̀ lójú àwọn èèyàn mọ́. Bí Ràbíátù bá bi í ní nǹkan, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn.

"Ṣé ò ń bẹ̀rù wọn ni?" Ràbíátù bi í.

"Kì í ṣe pé mo ń bẹ̀rù. Jẹ́ kó rọlẹ̀ ná."

Kò rọlẹ̀. Adésọjí àti ọmọkùnrin méjì mìíràn lọ sí gáréèjì láti wá ìròyìn, wọ́n sì bá awakọ̀ kan tó ní òun ti Iléṣà wá. Nígbà tí wọ́n dé, Adésọjí lọ bá Ìmísí tààrà, lójú gbogbo wọn.

"Wọ́n ti sun Ìlódè," ó wí. "Wọ́n ní wọ́n dá àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ láti oko lọ́nà, wọn ò sì dá ẹnì kankan sí. Ṣé kì í ṣe ọ̀nà yẹn ni Ọláyínká ń gbà?"

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìmísí mọ òwe náà, ó ti fi ṣe gbólóhùn nínú iṣẹ́ àṣetiléwá rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá a, kò béèrè orúkọ awakọ̀, kò béèrè bí awakọ̀ tó ti Iléṣà wá ṣe mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko wọn. Ó jókòó sílẹ̀ gbì. Ràbíátù sáré wá, ó na ọwọ́ láti dì í mú.

"Má fọwọ́ kàn mí," ni Ìmísí wí. "Àwọn èèyàn rẹ ló pa ẹ̀gbọ́n mi."

Ọwọ́ Ràbíátù dúró lófuurufú. "Ìyá mi náà wà níbẹ̀, Ìmísí," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi náà ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè."

Ìmísí gbọ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ẹgbẹ́ wà lára rẹ̀, ìbànújẹ́ sì ti gba gbogbo inú rẹ̀ kan. Ó dìde, ó wọ yàrá àwọn obìnrin, ó ká ẹní rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ti Mojíre.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí rí i pé bí òun bá tún fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọgbà náà, ìjà gidi lè bẹ́. Ó ní kí wọ́n wọ ọkọ̀, àwọn fẹ́ lọ wo abúlé awakùsà mìíràn lẹ́yìn ìlú. Wọ́n lọ nítorí pé kò sí ohun mìíràn tí wọ́n lè ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tíṣà ń ṣàlàyé, òun fúnra rẹ̀ a sì máa gbàgbé ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n jókòó sábẹ́ igi láti jẹun. Tíṣà àti awakọ̀ wà nídìí ọkọ̀, wọ́n ń wo táyà kan tí atẹ́gùn ti ń jò nínú rẹ̀. Àkókò ìrun ọ̀sán, Ayílà, ti tó. Ràbíátù gbé kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n mú wá, ó gbọ̀n ọ́n. Ó ti gbẹ. Ó wo apá ibi tí omi kùsà kan ti ń dán lẹ́yìn òkìtì yanrìn. Kò jìnnà.

Níléèwé, bí Ràbíátù bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, Ìmísí ló máa ń bá a dé ìdí ẹ̀rọ omi, tí yóò bá a di ìwé àti bàtà mú. Ràbíátù rìn wá síbi tí wọ́n jókòó sí. Ó dúró níwọ̀n tí kò fi ní sún mọ́ wọn jù.

"Ìmísí," ó wí. "Ṣé wàá bá mi dé ìdí omi yẹn? Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Kí o kàn di apá mi mú ni."

Mojíre fẹ́ dìde. Adésọjí wò ó, ó sì padà jókòó. Gbogbo wọn ń wo Ìmísí. Ẹsẹ̀ Ìmísí ti fẹ́ gbéra, òun nìkan ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ronú kan Ọláyínká, ó ronú kan ohun tí Adésọjí yóò sọ, ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì ń fi igi kékeré kan họ ilẹ̀.

 Ràbíátù gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó sì dá nìkan lọ.

Igbe kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́, kò sì gùn. Nígbà tí wọ́n fi máa sáré dé orí òkìtì náà, ilẹ̀ etí kùsà ti ya lọ, yanrìn ṣì ń wọ́ sínú omi. Wọ́n rí ìbòrí rẹ̀ tó léfòó. Wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀. Ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde.

"Ta ló mọ̀wẹ̀?" ni tíṣà ń kígbe bó ti ń sáré bọ̀. "Ta ló mọ̀wẹ̀ nínú yín?"

Kò sí. Òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀, ó fẹ́ bẹ́ sínú omi, ṣùgbọ́n awakọ̀ gbá a mú lẹ́yìn. "Ẹ̀yin náà yóò kú, tíṣà. Ta ni yóò wá kó àwọn ọmọ yìí délé?" Àwọn ọmọbìnrin bọ́ ìró, wọ́n so wọ́n pọ̀, wọ́n jù ú. Kò dé ibi tí ọwọ́ náà wà. Wọ́n fà á, wọ́n tún jù ú. Nígbà tí wọ́n jù ú lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ọwọ́ mọ́. Adésọjí dúró sórí òkìtì, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣe nǹkan, ẹ ṣe nǹkan," kò sì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ìmísí ti kúnlẹ̀ sórí yanrìn, ó ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi náà sì ti padà mọ́ kedere bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọkùnrin abúlé náà tó ń gbọn yanrìn nítòsí sáré dé pẹ̀lú okùn. Méjì nínú wọn wọ inú omi. Wọ́n gbé e jáde, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ, dókítà kò ṣe ju kó bo ojú rẹ̀ lọ.

Kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ fún ìyá rẹ̀. Kò sí tẹlifóònù, kò sí ọ̀nà, kò sẹ́ni tó tilẹ̀ mọ ibi tí ìyá náà wà. Mùsùlùmí kì í fi òkú sílẹ̀ pẹ́. Màmá Comfort, tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ló lọ pe lèmọ́ọ̀mù mọ́sálásí àwọn Yorùbá tó wà ní Jọ́ọ̀sì. Àwọn obìnrin ibẹ̀ wẹ ọmọ tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín sí ilẹ̀ òkè náà, níbi tí kò sí ẹni kan nínú ẹbí rẹ̀ tó mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀.

Ní yàrá àwọn obìnrin, Ìmísí gbé ẹní rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ti Ràbíátù wà.  Ohun tó ṣe yìí kò já mọ́ nǹkan kan mọ́, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n padà sílé. Ṣọ́jà ló wà lójú ọ̀nà láti ìta Ifẹ̀ wọlé. Èéfín ti sọ ọ̀pọ̀ ògiri di dúdú, òrùlé ti wó lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé àwọn Ìmísí ṣì dúró. Ẹni tó sì jáde láti inú rẹ̀ tó wá gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ọláyínká, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òṣogbo ló sá lọ, sọ́dọ̀ àǹtí wọn, ní ọjọ́ tí ìjà bẹ̀rẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe é.

Ìmísí wò ó títí. Gbogbo ilé ń dúpẹ́, ìyá rẹ̀ ń kọrin. Òun jókòó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ń sunkún. Wọ́n rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Ilé ìyá Ràbíátù ti jóná, àti òwú, àti bọ́tìnnì, àti ohun gbogbo. Ó pẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Adébíyìí tó gbọ́ pé obìnrin náà wà ní Gbọ̀ngán lọ́dọ̀ àwọn ìbátan rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ, Ìmísí ní òun yóò bá a lọ. Bàbá rẹ̀ kọ̀ fún un. Ọláyínká ló bá a bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Nínú ọkọ̀, tíṣà sọ fún un pé, "Èmi ni màá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo kó yín lọ, ọrùn mi ló wà. Bó bá bi ọ́ ní nǹkan, sọ pé ẹ jọ wà ni. Ìyẹn á tù ú nínú díẹ̀."

Wọ́n bá obìnrin náà níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Bó ti rí wọn, ó dìde, ojú rẹ̀ sì lọ sí ẹ̀yìn wọn láti wá ẹnì kẹta. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Ó sọ ọ́.  Obìnrin náà padà jókòó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ẹnìkan ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Ẹ̀wà dà sílẹ̀ láti inú àtẹ. Ó yí ojú sí Ìmísí.

"Ìwọ lo wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Ìmísí kúnlẹ̀. Irọ́ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó rọrùn, tíṣà ti fún un láṣẹ. Ó wo ojú obìnrin tó ti ń fún un ní oúnjẹ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá.

"Rárá, Ìyá," ó wí. "Ó pè mí pé kí n wá di òun lápá mú. N kò lọ. Wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi kú, mo sì ń bẹ̀rù àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó pè mí, mo yí ojú."

Obìnrin náà ń wò ó. Kò ṣépè, kò sì sọ pé òun ti dárí jì í. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?" ó béèrè.

"Ó wà láàyè, Ìyá."

"A dúpẹ́," ni obìnrin náà wí. Ó dìde, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn.

Ìmísí kò rí i mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Wọ́n ní ó ti lọ bá àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìjà náà kò tán bọ̀rọ̀. Ó rọlẹ̀, ó tún ru, kí àwọn àgbà ìlú méjèèjì tó wá jókòó láti parí rẹ̀. Ìmísí ṣe WAEC, ó yege. Nígbà tó dàgbà, ó di tíṣà. Bí ó bá rí i tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnìkan nítorí ìlú tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, yóò pa ìwé dé, yóò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì fún wọn, láì fi ìpín tirẹ̀ pamọ́.

"Ìjà tó ń jà nílé nígbà náà, n kò lè dá a dúró," ó máa ń sọ fún wọn. "Ọmọdé ni mí. N kò lè ṣí ọ̀nà, n kò lè mú tẹlifóònù dún, n kò mọ̀wẹ̀. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà láyé tí agbára yín kò ní ká. Àmọ́ kí ẹ dìde láti di ọ̀rẹ́ yín lápá mú, ìyẹn wà níkàáwọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ́ gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ìròyìn tí ẹ kò tíì wádìí gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀rẹ́ mi kò béèrè ju ìyẹn lọ."